Ìbọn Kejì: Ohun Tó Yẹ Kí Ọdẹ Èkó Yẹ̀ Wò Kó Tó Náwó

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan ni. Iná ti lọ, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti dákẹ́ ní gbogbo àdúgbò wa ní Ṣómólú, nígbà tí àbúrò kan tá a jọ máa ń dẹ ìgbẹ́ wá jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo fẹ́ ra ìbọn mìíràn." Mo ní kí ló ṣe èyí tó wà nílé. Ó ní ọ̀yà mẹ́ta ló ti bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ lọ́nà Epe láàárín oṣù kan, àti pé ẹnì kan ti fi àwòrán ráífù kan tó ní awò lórí ránṣẹ́ sí òun. Ó na fóònù sí mi kí n wò ó. Ìbọn náà ń dán bíi ṣíbí tuntun.

N kò dá a lóhùn lọ́jọ́ náà. Èmi náà ti kó sí irú kòtò yẹn rí, màá sọ ọ́ tó bá yá. Ohun tá a jọ yẹ̀ wò fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìgbà náà ni mo tò síbí. Ẹni tó ń gbé Èkó ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ì báà jẹ́ Mushin, Agége tàbí Ìsàlẹ̀ Èkó, tó ń lọ sí ìgbẹ́ lọ́jọ́ Sátidé, tó ti ní ìbọn oníkátíríìjì kan tó ní ìwé àṣẹ, tí ọkàn rẹ̀ wá ń fà sí èkejì. Ẹni tó ń wá ohun tí yóò fi ṣọ́ ilé, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni kí ẹni tó bá jù mí lọ jọ̀ọ́, kó fojú fo "ìwọ" tí mo fẹ́ máa lò. Ohùn ọdẹ nínú igbó ni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Kọ ìgbà mẹ́wàá tó o yìnbọn kẹ́yìn sílẹ̀

Mú ìwé kan. Kọ ẹran tó o rí sínú ẹ̀, iye ìṣísẹ̀ tó wà láàárín yín, bóyá òru ni tàbí ọ̀sán, kátíríìjì tó o fi sẹ́nu ìbọn, àti ohun tó ṣẹlẹ̀. Má purọ́ fún ìwé yìí, torí kò ní bá ẹ dé ìsọ̀ ẹlẹ́mu. Wọ́n ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ tó bá ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Ìṣẹ́ àti ìyà yẹn gan-an ni kó o kọ sílẹ̀, kì í ṣe ìtàn tó o máa ń sọ nílé.

Nígbà tí àbúrò mi kọ tiẹ̀ tán, mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló ju ìṣísẹ̀ àádọ́ta lọ. Ìbọn oníkátíríìjì kì í ṣe iṣẹ́ gidi kọjá bíi mítà 35 sí 40, ẹnu rẹ̀ ì báà jẹ́ wúrà. Kì í sì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀. Ojú ẹran tó ń dán nínú iná tọ́ọ̀ṣì orí máa ń jọ pé o lè na ọwọ́ kó o sì mú un. Láti ìsinsìnyí lọ, bó o bá yìn ín, ó bà á o, kò bà á o, ka ìṣísẹ̀ rẹ dé ibi tí ẹran náà dúró sí. Lẹ́yìn ìgbà márùn-ún, ojú rẹ á ti kọ́.

Lábẹ́ gbogbo ẹ̀, kọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Ìbọn tí mo ní kò lè ṣe báyìí, torí pé..." Bí ohun tó tẹ̀ lé "torí pé" bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ rẹ, ojú rẹ, tàbí kátíríìjì rẹ, ìbọn ò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Jẹ́ kí bébà jẹ́rìí

Ọjọ́ kan gbáko ni èyí gbà wá, bó bá sì jẹ́ pé ohun kan ṣoṣo lo máa ṣe nínú gbogbo ohun tí mo kọ, òun ni kó o ṣe. Àwa ará Ṣómólú ò níṣòro bébà. Mo mú bébà ńlá tá ò tíì gé, mo lẹ̀ wọ́n pọ̀ kí ìkọ̀ọ̀kan lè fẹ̀ ju mítà kan lọ níbùú àti lóròó, mo sì ṣe márùn-ún. A gbé wọn lọ sí oko ẹni mímọ̀ kan lọ́nà Ìtọ́kín. A gbàṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀, a gbàṣẹ lọ́wọ́ olórí ọdẹ ibẹ̀, a sì rí i dájú pé òkìtì amọ̀ gíga ló wà lẹ́yìn ibi tá a gbé bébà kọ́, tí kò sí ọ̀nà ẹsẹ̀ lẹ́yìn òkìtì náà.

Ka mítà 36. Ti ìbọn mọ́ nǹkan tí kò mì, kó o yin kátíríìjì kan ṣoṣo sí bébà kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà, wo ibi tí ihò pọ̀ sí jù, so bírò mọ́ okùn tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 37 àti ààbọ̀, kó o fi fa òbírí yí ibẹ̀ ká. Òbírí náà á fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 75. Ka ihò tó wà nínú ẹ̀.

SSG, BB àti nọ́ńbà 5 ni orúkọ tí wọ́n fi ń sọ bí ọta wẹ́wẹ́ inú kátíríìjì ṣe tóbi tó, SSG ló tóbi jù nínú wọn, nọ́ńbà 5 ló kéré jù. Kátíríìjì tí ọta inú ẹ̀ wúwo tó gíráàmù 28 máa ń ní ọta bíi 15 tó bá jẹ́ SSG, bíi 70 tó bá jẹ́ BB, bíi 220 tó bá jẹ́ nọ́ńbà 5. Ìbọn tí ẹnu rẹ̀ ṣí gbayawu máa ń kó nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún sínú òbírí yẹn, èyí tí ẹnu rẹ̀ fún gan-an lè kó 70. Wàá rí i pé o lè ṣírò ẹ̀ fúnra rẹ.

SSG ni àbúrò mi fi ń lé ọ̀yà látọjọ́ yìí. Ẹni tó tà á fún un ló sọ fún un pé èyí tó tóbi ló ń pa ẹran. A ka bébà rẹ̀ àkọ́kọ́: ihò mẹ́fà. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì sáàárín ihò kan àti èkejì, kò kan ìkankan. Ọ̀yà tó bá dúró níbẹ̀ á kàn gbọ́ ariwo ni. A ki BB bọ̀ ọ́, ìbọn kan náà, ibi kan náà, a ka ihò mọ́kàndínlọ́gbọ̀n. Ó wo bébà méjèèjì lọ títí, kò sọ̀rọ̀. SSG dára fún ìgalà tó wà nítòsí. Ọ̀yà kì í ṣe ìgalà.

Bí òbírí rẹ bá dára ṣùgbọ́n tó bọ́ sí apá òsì tàbí sí òkè ibi tó o wò, má tíì bínú sí ìbọn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ojú àti èjìká

Ya ojú méjèèjì sílẹ̀, na ìka sí nǹkan kan tó jìnnà, bí òpó iná. Wá di ojú òsì. Bí ìka rẹ bá ṣì wà lórí òpó, ojú ọ̀tún ló ń darí rẹ. Bó bá fò kúrò lórí ẹ̀, ojú òsì ni, tó o bá sì ń fi èjìká ọ̀tún gbé ìbọn, ibẹ̀ ni apá òsì orí bébà ti wá. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí owó ń wò sàn. O lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń dijú òsì díẹ̀ kó o tó fà á, tàbí kó o kọ́ èjìká òsì.

Wo ìdí ìbọn náà. Ṣí ìbọn, wò ó lẹ́ẹ̀mejì pé kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀, kó o fi ìdí rẹ̀ sí kọ́lọ́fín ìgbọ̀nwọ́ rẹ. Oríkèé àkọ́kọ́ ìka ìfábẹ̀lá yẹ kó dé ibi tá a ti ń fà á. Bó bá kọjá rẹ̀ tàbí tí kò dé ibẹ̀, ìdí ìbọn náà kúrú jù tàbí ó gùn jù fún ẹ. Gbérí tó nípọn àti okùn àpò ọdẹ lórí èjìká náà máa ń ti ìbọn kúrò ní àyè ẹ̀. Bó o bá ti lé ní ogójì ọdún, lọ fojú han dókítà kó o tó fi owó han oníbọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Òfin, kó o tó fẹ́ràn ìbọn kankan

Òfin ìbọn ilẹ̀ wa ti wà láti 1959, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín ìbọn sí. Ṣakabùlà àti àwọn tá a ń ki láti ẹnu wà nínú ìpín kan, ìyẹn ni òfin fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú jù, síbẹ̀ ó nílò ìwé. Ìpín kejì ni ìbọn oníkátíríìjì tá a ń fọwọ́ ki, ráífù ọdẹ kan, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá ló ń fọwọ́ sí ìwé ti àwọn yìí. Ìpín kẹta ni èyí tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní àfi tí Ààrẹ bá fọwọ́ sí i.

Ìpín kẹta yìí ló ń mú èèyàn. Ìbọn ìléwọ́ wà níbẹ̀. Ráífù tó ń lo ọta 7.62, 9 mìlímítà, .300 àti .303 wà níbẹ̀, bó ti wù kí ẹni tó ń tà á máa pè é ní ìbọn ọdẹ tó. Pump action tí gbogbo ayé ń gbé kiri, èyí tá a ń fa igi iwájú rẹ̀ sẹ́yìn kó lè kó ọta mìíràn sẹ́nu, kò sì sí nínú ìpín kejì, torí òfin yọ ìbọn oníkátíríìjì tó ń fúnra ẹ̀ kó ọta sẹ́nu tàbí tó ní ẹ̀rọ tó ń bá a kó o kúrò níbẹ̀. Ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún mẹ́wàá ló wà nídìí irú ìbọn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wo àwòrán orí fóònù àbúrò mi dáadáa, 7.62 ni wọ́n kọ sára ẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ráífù yẹn ṣe parí nìyẹn lójú tèmi. Lójú tiẹ̀, ó tún gba ọ̀sẹ̀ kan.

Ìwé ìbọn kan kì í bo ìbọn kejì. Nọ́ńbà ara ìbọn kọ̀ọ̀kan ló wà lórí ìwé tiẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ máa tún un ṣe. Òfin ní ẹni tí kò tíì pé ọdún 17 kò lè gbà á, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ọ̀mùtí, àti ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Nítorí náà, kí ìrìn àkọ́kọ́ rẹ jẹ́ olú-iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ ní Ìkẹjà, kó o béèrè bóyá wọ́n ń gba ìwé ìbéèrè lásìkò yìí àti ohun tí wọ́n ń fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀dọ̀ ẹni tó gbàṣẹ láti máa ta ìbọn. Ẹni tó bá ní kó o kọ́kọ́ gbé e lọ, pé ìwé á tẹ̀ lé e, ìwọ ló fẹ́ tà, kì í ṣe ìbọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Wo ilẹ̀ tó o ń dẹ

Ká ní ráífù náà wà nínú ohun tí òfin gbà. Ibo lo fẹ́ yìn ín sí? Ọta .22 kékeré, ọ̀kan lára èyí tó kéré jù nínú ráífù, lè rìn ju kìlómítà kan lọ dáadáa kó tó balẹ̀. Ọta wẹ́wẹ́ nọ́ńbà 5 kì í sábà kọjá mítà 250. Ilẹ̀ tiwa pẹrẹsẹ, kò sí òkè tó máa gba ọta dúró. Igbó tí mo ń dẹ ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kí nígbà kan, ilé ìfọpo Dangote àti ilé olókùúta ló kún agbègbè náà báyìí. Èyí tó kù lọ́nà Epe, oko ẹ̀gẹ́ ló wà láàárín ẹ̀, adẹ́mu sì lè wà lórí ọ̀pẹ láago mẹ́fà ìdájí tí o kò ní rí i. Ẹni tó bá ń dẹ láàárín ìpínlẹ̀ Èkó, n kò rí ohun tó fẹ́ fi ráífù ṣe. Èrò tèmi nìyẹn, àwọn kan á bínú sí i.

Àwọn ẹran kan tún wà tí kò yẹ ká tìtorí wọn ra ohunkóhun. Akika ni àkọ́kọ́. Láti 2016 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti fẹnu kò pé kí wọ́n fòfin de òwò gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ láàárín ilẹ̀ kan sí èkejì. Bó o bá rí i tó ká jọ bíi bọ́ọ̀lù, fi í sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìbọn méjì, kátíríìjì méjì

Eléyìí ni kì í sọ sí ọ̀pọ̀ lọ́kàn. Ká ní èyí tó wà nílé jẹ́ nọ́ńbà 12, o wá ra nọ́ńbà 20 torí ó fúyẹ́. (Bí ihò ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀ tó ni nọ́ńbà yìí ń sọ, 20 sì kéré ju 12 lọ.) Nínú òkùnkùn, kátíríìjì 20 kan bọ́ sínú àpò tí ti 12 wà. O kì í bọ ìbọn 12. Kò dúró níbi tó yẹ kó dúró, ó yọ̀ wọnú ọ̀pá ìbọn lọ, ó há síwájú. O fà á, kò dún. O rò pé o gbàgbé láti kì í, o tún fi kátíríìjì 12 sí i lẹ́yìn. O fà á.

Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe kátíríìjì 20 fi máa ń fi ike aláwọ̀ ìyeyè ṣe é, ṣùgbọ́n lábẹ́ iná tọ́ọ̀ṣì, ìyeyè àti pupa lè jọra. Bó o bá máa ní ìbọn méjì, jẹ́ kí nọ́ńbà wọn bára mu. Bí kò bá ṣeé ṣe, àpò ọ̀tọ̀, ọjọ́ ọ̀tọ̀, má ṣe gbé méjèèjì jáde lọ́jọ́ kan náà láéláé.

Bákan náà ni pẹ̀lú ẹni tó ní ṣakabùlà tó fẹ́ fi ìbọn oníkátíríìjì kún un. Ẹ̀tù inú kátíríìjì kì í ṣe ẹ̀tù dúdú. (Ẹ̀tù ni mo wí o, kì í ṣe ẹtu tó ń sáré, kì í ṣe ẹtù tó ń fò.) Bí wọ́n bá tú u sínú ṣakabùlà, ọ̀pá ìbọn á fọ́ yángá. Mo mọ ẹnì kan tí àtàǹpàkò rẹ̀ òsì ò sí mọ́, ọ̀rọ̀ yìí ló fà á.

Ìgbésẹ̀ keje: Ibo ló máa sùn?

Bó bá jẹ́ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ti àkọ́kọ́ wà, dúró níbí, má kà síwájú. Ní yàrá àti pálọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń gbé, ọmọ tiwa, ọmọ ará ilé, ọmọ tó wá lo ìsinmi, gbogbo wọn ló ń wọlé. Àpótí irin tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ ògiri ni mo ń sọ, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́rùn rẹ, kátíríìjì sí àpótí mìíràn. Kí àwọn tó ń gbé nítòsí má mọ̀ pé o ní in. Atẹ́gùn òkun wa a máa jẹ irin: ìbọn tí o kò fi òróró nù fún oṣù kan nígbà òjò, wàá bá a ní pupa. Ìbọn kejì tó ń jókòó, tí o kò lò, òun ló máa ń dípẹtà jù, torí o ò ní rántí rẹ̀.

Owó, ká má fi gùn. Iye ìbọn nìkan kọ́ ni kó o kà. Ka owó ìwé, àpótí, kátíríìjì, òróró àti ọkọ̀ (ẹni kan ò gbọ́dọ̀ gbé ìbọn wọ dánfó) fún ọdún mẹ́ta, kó o wá fi iye ìgbà tó o lọ sí ìgbẹ́ lọ́dún tó kọjá pín in. Ìgbà mẹ́rìnlá ni tèmi. Nígbà tí mo pín in tán, mo rí i pé owó ọjọ́ kan á ra ọ̀yà ní Ọjà Olúwó l'Épe, á tún ku owó ẹmu.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Bó bá ṣì wù ẹ́

Ó lè wù ẹ́ síbẹ̀, ìdí rẹ sì lè dára: ìbọn rẹ ti gbó, tàbí ó jẹ́ ẹlẹ́nu kan, tí ìwé ìgbà mẹ́wàá rẹ sì fi hàn pé ọta kejì lójú ẹsẹ̀ ì bá ti gba ẹran mẹ́rin. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì dára fún irú ìyẹn. Ìwé ni kó o kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó o wá fi nọ́ńbà orí ìwé wé ti ara ìbọn, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan.

Ibí ni mo ti kó sí kòtò. Ìbọn ẹlẹ́nu méjì kan ni, ó rẹwà, igi ìdí rẹ̀ dúdú bí kọfí. Mo san àsansílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kejì ni mo tó jókòó ka ìwé náà: orúkọ olóògbé ló wà lórí ẹ̀, ìwé olóògbé kì í sì í di ti ẹni tó ra ẹrù rẹ̀. Ìbọn náà ò wá sílé mi. Owó náà ò padà wá sílé mi.

Bí ìwé bá dára, ṣí ìbọn náà, gbójú sókè sí ojúmọ́, kó o wo inú ọ̀pá rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Òbírí iná tó ń hàn nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ róbótó lẹ́sẹẹsẹ. Ibi tó bá ti rọ́, ọ̀pá náà ti tẹ̀ tàbí ó ti wú níbẹ̀. Tú ọ̀pá náà kúrò, fi ìka kan gbé e, kó o fi èékánná kàn án. Ó yẹ kó dún bí agogo. Bó bá dún bí agolo tó sán, irin tó so méjèèjì pọ̀ ti ń tú. Tún un tò, yọ igi iwájú, kó o mì ín: kò gbọdọ̀ mì jìgìjìgì níbi tó ti ń ká. Béèrè gígùn ibi tí kátíríìjì ń jókòó sí. Ìbọn àtijọ́ míì jẹ́ mìlímítà 65, kátíríìjì tá à ń rí báyìí sì sábà máa ń jẹ́ 70. Wọ́n á wọ̀ ọ́, torí náà ni wọ́n ṣe léwu.

Má ra ìbọn tí alágbẹ̀dẹ rọ láìgbàṣẹ, má sì gbé tìrẹ lọ kí wọ́n jó irin rẹ̀ pọ̀. Ó ń fa ẹ̀wọ̀n, ó sì ń fọ́ mọ́ èèyàn lójú.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, dá a dúró títí ẹ̀ẹ̀rùn kan á fi kọjá. Láti oṣù Kọkànlá sí oṣù Kẹta ni koríko máa ń wálẹ̀ tí ojú ń ríran dáadáa nínú igbó. Bí ìwé ìgbà mẹ́wàá tuntun tó o bá kọ lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣì ń sọ ohun kan náà, lọ sí Ìkẹjà.

Àbúrò mi ra páálí BB méjì, ó sì gbé okùn àpò ọdẹ rẹ̀ kọ́ èjìká òsì. Sátidé tó kọjá, ó pè mí láago mọ́kànlá òru láti Ìtọ́kín, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ẹran ṣì wà níwájú ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀yà kan. Mo ka ìṣísẹ̀. Mẹ́tàlélógún." Ó ní oníráífù ṣì ń fi àwòrán ránṣẹ́, pé ó ti dín owó.